Ṣé Ká Ra Páàsì Ọkọ̀ Ojú Irin, àbí Ká Máa Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́kọ̀ọ̀kan?

Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ìlú Ọba níbí, ìbéèrè kan náà ni ẹbí àti ọ̀rẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Àǹtí, a fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin rìn ká Yúróòpù nígbà ọlidé àwọn ọmọ. Ṣé ká ra páàsì Interrail ni?" Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe jẹun ní Leeds, wọ́n sì mọ̀ pé bí ọkọ̀ ojú irin bá lè dé ibì kan, ẹ ò ní rí mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo wọn ni pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n ń lọ àti ọjọ́ tí wọ́n máa wọkọ̀ sínú ìwé, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Ó máa ń ká àwọn míì lára, torí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" ni wọ́n ń retí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá tíì mọ ibi tó ń lọ, kò sí bó ṣe máa mọ̀ bóyá páàsì máa dín ìnáwó rẹ̀ kù ni àbí ó máa fi kún un.

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta lọ sí Mọ́níyà n'Íbàdàn mọ bí tíkẹ́ẹ̀tì ṣe rí: ọkọ̀ kan, aago kan, ìjókòó kan. Ti páàsì yàtọ̀. Ọjọ́ lẹ ń rà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lò nínú rẹ̀, ẹ lè wọ ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́fà, láti aago méjìlá òru títí di aago méjìlá òru kejì, ní orílẹ̀-èdè 33 tó wà nínú Interrail Global Pass. Ọdún 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ò ju ọdún 21 lọ nìkan ni wọ́n sì ń tà á fún nígbà náà. Ní báyìí, àgbà, ọmọdé, ìyá àgbà, gbogbo wa ló wà fún.

Ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín o. Interrail wà fún ẹni tó ń gbé Yúróòpù, Ìlú Ọba sì wà lára rẹ̀. Eurail wà fún ẹni tó ń bọ̀ láti ìta, bóyá Èkó ni o, Houston ni o, Salvador ni o. Ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe àwọ̀ pásípọ́ọ̀tì. Èmi tí mo ń gbé Leeds pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà aláwọ̀ ewé, Interrail ni mò ń rà. Bí ìyá mi bá wá láti Ìbàdàn kí wọ́n lè bá mi rìn, Eurail ni tiwọn, a ó sì jọ jókòó nínú ọkọ̀ kan náà.

Owó ọjọ́ kan

Páàsì tó wọ́pọ̀ ni èyí tó ń fún yín ní ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún tàbí méje láàárín oṣù kan, tàbí ọjọ́ mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín oṣù méjì. Ẹ̀yin lẹ máa yan àwọn ọjọ́ náà, wọn ò sì ní láti tẹ̀ léra. Èyí tó tẹ̀ léra náà wà, láti ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí dé oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sun inú ọkọ̀ ju orí bẹ́ẹ̀dì lọ nìyẹn wà fún. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ gbẹ̀yìn, àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó sí kíláàsì kejì máa san 283 yúrò fún ọjọ́ mẹ́rin, 381 fún ọjọ́ méje. Iye yẹn ń yí padà, torí náà ẹ wo tọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi iye ọjọ́ pín owó náà: ọjọ́ mẹ́rin máa jẹ́ bíi 71 yúrò lójúmọ́, ọjọ́ méje máa jẹ́ bíi 54. Ẹni tí ò bá tíì ju ọdún 27 lọ ń gba ẹ̀dínwó ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹni tó ti pé 60 ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́rin dé mọ́kànlá ò san nǹkan kan fún páàsì bí wọ́n bá bá àgbà rìn, ọmọ méjì fún àgbà kan, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba páàsì ọ̀fẹ́ tiwọn náà pọ̀ mọ́ tiyín.

Iye ojúmọ́ yẹn lẹ máa gbé dání bí ẹ ṣe ń wo ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò bá tó 71 yúrò kò yẹ kó jẹ ọjọ́ kan nínú páàsì. Àpẹẹrẹ kan rèé: ẹ wà ní Vienna, ẹ fẹ́ lọ wo Bratislava kí ẹ sì padà nírọ̀lẹ́. Ó tó wákàtí kan ní àlọ, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bí 20 yúrò lọ. Ẹ yọ 20 yúrò jáde lápò, kí ẹ fi ọjọ́ páàsì pa mọ́. Bákan náà ni Brussels sí Bruges. Mo ti rí àwọn tó ń fi ọjọ́ páàsì gùn ọkọ̀ ìṣẹ́jú ogójì, tí wọ́n wá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ rìn jìnnà.

Ìṣirò àbúrò mi

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ìrìn-àjò kan. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé Manchester pẹ̀lú ọmọ méjì, ọ̀kan ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀kan mẹ́fà. Wọ́n fẹ́ dé Cologne kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ kan, kí wọ́n lọ sí Berlin, Prague, kí wọ́n parí rẹ̀ sí Vienna, kí wọ́n wá bá bàálù padà. Ọjọ́ mẹ́rin gédégédé ni wọ́n máa wọkọ̀ tó jìnnà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló lówó lórí jù. Òfin Interrail ni pé èèyàn ò lè fi í rìn ká orílẹ̀-èdè tó ń gbé, àyàfi ọjọ́ kan láti fi jáde àti ọjọ́ kan láti fi wọlé. Àwọn tó bá ka òfin yẹn dáadáa ló ń jèrè, torí ọjọ́ ìjáde yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé yín. Páàsì àbúrò mi máa gbé e láti Manchester dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti Euston dé St Pancras, wọ́n á wọ Eurostar lọ sí Brussels, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti wọkọ̀ mìíràn dé Cologne. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá sì mọ iye tí Manchester sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń jẹ́ bí èèyàn ò bá tètè rà á mọ ìdí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Eurostar kì í gbé ẹni tó ní páàsì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń gba owó ìjókòó, nǹkan bí 30 sí 35 yúrò lórí ẹnì kan ní kíláàsì kejì, àwọn ọmọ náà ń san án, ìjókòó tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn oní-páàsì ò pọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé oṣù keje, ó máa ń tán. Torí náà, kí ẹ tó sanwó páàsì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àyè wà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́. Láti Brussels sí Cologne, oríṣi ọkọ̀ méjì ló ń lọ: Eurostar, èyí tó ń jẹ́ Thalys tẹ́lẹ̀, òun náà ń gba owó ìjókòó, ICE tàwọn ará Jámánì ò gbà á. Wákàtí méjì tàbí kó dín ni. Ẹ wọ ICE.

Ìṣirò páàsì wọn wá rí báyìí: 283 lọ́nà méjì jẹ́ 566, àwọn ọmọ ò san nǹkan kan, Eurostar èèyàn mẹ́rin tó 130. Àpapọ̀ rẹ̀ ò tíì tó 700 yúrò.

Mo wá jókòó ti tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rà á ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, Cologne sí Berlin ò ju ogún yúrò àti díẹ̀ lọ, Berlin sí Prague bẹ́ẹ̀ náà, Prague sí Vienna tún lè dín sí i. Nǹkan míì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: ní Jámánì, ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìnlá tó bá bá àgbà rìn ò sanwó bí ẹ bá ti kọ wọ́n sórí tíkẹ́ẹ̀tì àgbà nígbà tí ẹ ń rà á. Nítorí náà, "ọmọ ò sanwó" tí páàsì fi ń fa ojú yín mọ́ra ò já mọ́ nǹkan kan lójú ọ̀nà Cologne sí Berlin. Pẹ̀lú Eurostar tí wọ́n tètè rà, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan máa rọjú ju páàsì lọ.

Mo ti fẹ́ sọ fún un pé kó gbàgbé páàsì. Ìyàwó rẹ̀ ló bi mí pé, "Àǹtí mi, físà ńkọ́?"

Ibi tí físà ti wọ̀ ọ́

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa páàsì kì í sọ̀rọ̀ yìí, torí pásípọ́ọ̀tì wọn ò jẹ́ kó kàn wọ́n. Ẹni tó ń gbé Ìlú Ọba pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen kó tó wọ Eurostar. Àwọn ọmọ àbúrò mi ní pásípọ́ọ̀tì Ìlú Ọba, físà ò kàn wọ́n, ṣùgbọ́n ó kan bàbá àti ìyá. Owó rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbà kan, ó yẹ kí ẹ sì kà á mọ́ ìnáwó. Ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè tí ẹ máa sùn sí jù lẹ máa kọ̀wé sí. Bí iye òru bá dọ́gba, ọ̀dọ̀ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀. Ti àbúrò mi, Jámánì ni, torí Cologne àti Berlin.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kì í ṣeé dá padà, ó sì so mọ́ ọkọ̀ kan, aago kan. Bí físà bá jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn, bó ṣe máa ń ṣe, ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì látoṣù mẹ́ta ti fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Ẹni tó bá sì dúró di ìgbà tí físà jáde, iye owó ti gorí àjà. Mo ṣírò ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn fún wọn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kọjá ẹgbẹ̀rún yúrò, Eurostar ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Páàsì kì í gbówó lórí torí pé ọjọ́ sún mọ́lé. Iye tí wọ́n ń tà á lónìí ni wọ́n máa tà á lọ́la, àfi bí ẹ̀dínwó bá wọlé. Ẹ lè rà á kí ẹ má tíì ṣí i, oṣù mọ́kànlá lẹ ní láti fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, bí físà ò bá sì jáde, wọ́n máa dá owó padà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá tíì ṣí i. Nítorí èyí ni mo ṣe sọ fún àbúrò mi pé kó ra páàsì. Aládùúgbò wọn tó jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba, tó ń gba ọ̀nà kan náà, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo máa ní kó rà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ náà ní ọ̀rọ̀ sọ

Ní Jámánì, Ọ́stríà, Switzerland, Bẹ́ljíọ̀mù àti Netherlands, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ẹ lè wọ̀ pẹ̀lú páàsì láìsan kọ́bọ̀ mọ́ ọn. Níbẹ̀ ni páàsì ti ń jẹ́ páàsì. Ní Faransé, gbogbo TGV, ìyẹn ọkọ̀ ayára wọn, ló ń gba owó ìjókòó, ó sábà máa ń jẹ́ 10 tàbí 20 yúrò, Ouigo wọn tó rọjú ò sì gba páàsì rárá. Ní Ítálì, Frecciarossa tó jẹ́ ọkọ̀ ayára tiwọn ń gba owó ìjókòó tó ju 10 yúrò lọ lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ò wọ́n bí ẹ bá tètè rà á. Àwọn ọkọ̀ ayára ní Sípéènì náà ò ṣeé wọ̀ láìgba ìjókòó sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Róòmù, Florence àti Venice nìkan lẹ ń lọ, mi ò rí ohun tí páàsì fẹ́ ṣe fún yín. Ní Switzerland ńkọ́, Zürich sí Geneva nìkan lé ní 80 fáránkì fún ẹni tí ò ní ẹ̀dínwó kankan. Ọjọ́ páàsì kan ti san ara rẹ̀ tán níbẹ̀ kí ẹ tó mu kọfí.

Ọkọ̀ òru ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Bí ẹ bá wọ Nightjet ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí ẹ ò sì pààrọ̀ ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ọjọ́ tí ẹ wọ̀ ọ́ nìkan ló jẹ nínú páàsì. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ń jẹ́ owó ọ̀tọ̀, ó sì lè tó owó òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ kà á sí òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ má kà á sí owó ọkọ̀.

Èrè kan wà tí mi ò lè fi nọ́ńbà kọ, ó sì wù mí kí n sọ ọ́. Èmi àti ọkọ mi ń ti Berlin lọ sí Prague, a ti kọjá Dresden, a jókòó sọ́wọ́ òsì níbi tí odò Elbe wà. Àpáta gàgàrà-gàgàrà ni gbogbo etí odò, ó funfun, ó dúdú, ó dúró ṣánṣán bíi kí ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé e. Ọkọ̀ dúró ní Bad Schandau. Ọkọ mi wò mí, mo wò ó, a sì gbé báàgì wa, a sọ̀ kalẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń gbéni sọdá láti ibùdókọ̀ sínú ìlú, a rìn létí odò, a jẹ ẹja, a padà wá bá ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí méjì. Ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú máa wo àpáta yẹn láti ojú fèrèsé ni, torí ọkọ̀ tó ṣìkejì kì í ṣe tiẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ irú èèyàn tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ báyẹn, ẹ fi 50 yúrò kún ojú páàsì nínú ìṣirò yín. Bí ẹ bá jẹ́ irú tó ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì gbogbo òru tán láti ilé, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un.

Bí ẹ bá ti rà á

Inú fóònù ni páàsì máa wà, lórí áàpù Rail Planner. Ọ̀rọ̀ tó ń kó àwọn èèyàn sí ìjàngbọ̀n ni pé kò tó kí páàsì wà lórí fóònù. Ẹ gbọ́dọ̀ wá ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ lórí áàpù náà, kí ẹ fi í sínú ìrìn-àjò yín, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè wọ inú páàsì, kí ẹsẹ̀ yín tó kan ọkọ̀. Ìgbà náà ni àmì onígun mẹ́rin tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ máa yẹ̀ wò máa jáde. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, torí wọ́n lè ní kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Áàpù náà fẹ́ kí fóònù wọ íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kí nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀ bá ti ọwọ́ yín mu, torí wọ́n máa ń bèèrè rẹ̀. Ẹ sì gbé ẹ̀rọ tí ń fi iná kún fóònù dání. Páàsì tó wà nínú fóònù tó ti kú ò yàtọ̀ sí àìní páàsì.

Fún ẹni tí kò bá ní kúrò ní Jámánì, kó wo Deutschlandticket kó tó wo Interrail. Yúrò 49 ni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2023, ó di 58 ní 2025, ó ti di 63 ní 2026. Oṣù kan gbáko ni, bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti ọkọ̀ tí ń dúró ní gbogbo ìletò ló wà nínú rẹ̀, kò sí ICE. Ṣùgbọ́n ó ń tún ara rẹ̀ rà lóṣooṣù, ẹ ní láti fagi lé e kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n máa yọ owó oṣù tó ń bọ̀. Ní Luxembourg, ẹ má ra nǹkan kan: láti 2020 ni ọkọ̀ ojú irin kíláàsì kejì, bọ́ọ̀sì àti tíráàmù wọn ti di ọ̀fẹ́. Ẹni tó sì fẹ́ rìn ká Ìlú Ọba nìkan pẹ̀lú ọmọ, Family & Friends Railcard, ìyẹn káàdì ẹ̀dínwó, ni kó rà ní 35 pọ́ùn lọ́dún; ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lórí owó àgbà, 60 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ti ọmọ.

Àwọn tó ń lọ Jàpáánì láti Amẹ́ríkà ṣì ń gbọ́ látẹnu àwọn tó lọ láyé àtijọ́ pé kí wọ́n ra JR Pass, páàsì ọkọ̀ ojú irin ti Jàpáánì, lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2023, páàsì ọjọ́ méje gbéra láti 29,650 yen dé 50,000. Tokyo sí Hiroshima, tó jìnnà gan-an, tó nǹkan bí 19,000 yen ní àlọ. Àlọ àti àbọ̀ ò tíì tó 40,000. Ẹni tó ń lọ Kyoto nìkan ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Ní ti ẹ̀dínwó tí mo mẹ́nu bà lókè, Interrail máa ń ṣe é láàárín ọdún, ó sì máa ń tó owó gidi. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá owó páàsì tí ẹ rà ní ẹ̀dínwó padà. Kí ẹni tí físà rẹ̀ ò bá tíì jáde fojú fo ẹ̀dínwó yẹn, kó ra èyí tí wọ́n ń dá owó rẹ̀ padà, àní bó tiẹ̀ wọ́n jù ú lọ.